Kámẹ́rà Tí Kò Gbọ́n Ju Olówó Rẹ̀ Lọ

Ojú mẹ́ta ni mo rí lẹ́yìn fóònù tuntun tí ọ̀kan nínú yín gbé wọlé láàárọ̀ yìí. Mo bi í pé kí ló ń fi ojú mẹ́ta wò. Ó ní ọ̀kan ń wo ọ̀ọ́kán, ọ̀kan ń wo ìtòsí, ẹ̀kẹta ń kó gbogbo ayé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bá a yọ̀. Kò pẹ́ ni mo rí i tó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya àwo ìrẹsì. Ó yà á lókè, ó yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí ìrẹsì fi tutù. Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Àgbà tí kò bá rí ọmọdé fi ṣe ẹlẹ́yà, ara rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe, ìyẹn náà sì ń bọ̀ níwájú. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí àwa ṣe máa ń wá ojú kan ṣoṣo rà nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, ní Port Harcourt tí gbogbo wa ń pè ní Pọ́tá.

Ogun kò tíì parí nígbà tí mo débẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nínú ìlú, ó ti lọ jà níbòmíràn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń wa epo gbà mí láti máa ya àwòrán ilẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè yunifásítì ni, lórí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti omi, mo sì gbà pé ẹni tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ kò lè ṣìnà mọ́ láyé. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo jáde ní àdúgbò Díọ́bù láti lọ ra búrẹ́dì. Obìnrin kan tó ń ta ẹja ló fà mí lọ́wọ́ padà sílé. Ìlú náà dákẹ́ nígbà náà ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Lónìí, jẹnẹrétọ̀ ló ń ké nínú ọgbà gbogbo. Nígbà náà, ilé pọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbá ilẹ̀kùn wọn pàá-pàá, tí kò sí ẹni tí yóò tì í. Àwọn tó ni wọ́n ti sá lọ. Òjò nìkan ni kò sá. Òjò Pọ́tá kì í dá, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó máa ń sinmi ni.

Kí ni èèyàn fẹ́ ṣe ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé? Àwa ọmọ Yorùbá díẹ̀ tó wà ní ọ́fíìsì epo àti ní báǹkì bá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Ayafọ́tò Aláfẹ́. Aláfẹ́ ni wá, nítorí kò sí ẹni tó ń sanwó fún wa, fọ́tò wa kò sì jọ èyí tí èèyàn máa sanwó fún. Ààrẹ wa ni Bọ̀dá Bánkọ́lé, ọmọ Èkó, òṣìṣẹ́ báǹkì. Ó ti lo ìgbà díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí. Lọ́ńdọ̀nù sì ń lo gbogbo ìyókù ayé rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, á ní wọn kì í jẹ́ kí oòrùn mú tó báyìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìpàdé wa, a kì í sábà sọ̀rọ̀ fọ́tò. Lẹ́ńsì ni à ń sọ. Ẹni tí lẹ́ńsì rẹ̀ bá gùn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gùn. Èmi tí tèmi kúrú, ẹ̀pà ni mo máa ń pín.

Ọ̀dọ̀ Sàká ni a ti ń rajà. Ọmọ Ìlọrin ni Sàká, ó ní ìsọ̀ onípákó kan lẹ́bàá ọjà, níbi tó ti ń ta fìlà, tọ́ọ̀ṣì, aago tí kò rìn, àti àlòkù kámẹ́rà tí àwọn atukọ̀ òkun ń tà fún un ní èbúté. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti ọwọ́ atukọ̀ wá. Ní ìlú tí ogun ti gbá kọjá, a kì í bi ọjà pé ta ni ìyá rẹ. A kàn ń rà á, a sì ń mójú kúrò.

"Ọ̀gá, ẹ wo èyí," Sàká á wí, á sì fi etí bùbá rẹ̀ nu lẹ́ńsì. "Ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ìyàwó."

Èmi á gbé e sókè síhà oòrùn. "Sàká, kí ni ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀ yìí?"

"Ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀ ni."

"Ọ̀ṣọ́ tó ń hù?"

"Haba, ọ̀gá! You too dey look. Ẹni tó bá ń yẹ ìyàwó wò báyìí, ṣé ó lè fẹ́ ẹ?"

Olú ni o. Ọ̀rinrin Pọ́tá a máa hu olú sára bàtà, á hù ú sára Bíbélì, á hù ú sínú lẹ́ńsì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ gbé lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú síhà oòrùn. Lẹ́yìn náà, a ó mì í létí; bó bá dún bí ẹni pé ẹ̀wà gbígbẹ wà nínú rẹ̀, a ó dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó tẹ kámẹ́rà fúnra rẹ̀, a ó sì fetí sí i. Èyí tí ara rẹ̀ dá á ní "ṣìn-kẹ́". Èyí tó ti rẹ̀ á ní "ṣìììììn", ẹ ó sì máa retí "kẹ́" títí ẹ ó fi lọ jẹun. Bọ̀dá Bánkọ́lé kò fara mọ́ ọn. Ó ní ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kì í mi lẹ́ńsì.

Èyí tí apá mi ká ni kámẹ́rà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, irú èyí tó ń ká bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹ ó ṣí ìlẹ̀kùn iwájú rẹ̀, lẹ́ńsì á rìn jáde lórí irin tín-ín-rín, awọ dúdú á sì nà tẹ̀lé e, fìììì. Lẹ́ńsì rẹ̀ kò ṣeé yọ, kò ṣeé pààrọ̀. Èyí tí ẹ bá bá níbẹ̀ ni ẹ ó máa bá gbé. Kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ọwọ́ yín ni ẹ ó fi yí fíìmù, ẹ ó máa wo nọ́ńbà rẹ̀ nínú ihò pupa kan lẹ́yìn. Bí ẹ bá gbàgbé láti yí i, fọ́tò kejì á gorí ti àkọ́kọ́. Mo ti ya ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì mọ́ ewúrẹ́ báyìí rí. Ọ̀gá bínú, ewúrẹ́ kò sọ nǹkan kan.

Bí a kò bá rí àdán, a máa ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àwọn ohun tó yẹ kó bá kámẹ́rà náà rìn, fúnra mi ni mo ṣe wọ́n. Agolo tòmátò tí mo gé, tí mo fi èédú kun inú rẹ̀, ni mo fi ń ṣíji bo lẹ́ńsì kí oòrùn má bàa wọ̀ ọ́ lójú. Bébà yẹ́lò tó mọ́ gaara, tí wọ́n fi ń wé ìgò ohun mímu tí à ń rà fún aláìsàn, ni mo fi ń bo ojú rẹ̀ kí àwọsánmà lè yọ nínú fọ́tò. Nígbà tí mo bá fẹ́ ya ojú ọ̀run, mo máa ń lọ kí aláìsàn. Ẹsẹ̀ igi mẹ́ta tí àwọn awọnlẹ̀ ilé-iṣẹ́ wa ti pa tì ni mo ń gbé e lé. Inú agolo bisikíìtì tí mo bu ìrẹsì gbígbẹ sí ni ó ń sùn, kí ìrẹsì lè máa fa ọ̀rinrin mu. Bọ̀dá Bánkọ́lé ní kámẹ́rà mi ń rí ìrẹsì jù mí lọ, kò sì parọ́.

Òun ní tirẹ̀ ra kámẹ́rà tuntun, ó sì lọ sí èbúté, ó ra lẹ́ńsì kan tó gùn bí apá lọ́wọ́ atukọ̀ òkun. A jọ gbé e lọ sí Amadi-Ama lọ́jọ́ Àìkú kan láti ya ẹyẹ etí omi. Kí a tó rí ẹyẹ, àwọn ṣọ́jà ti rí wa.

"Hey! Stop there! Wetin be dis?"

"My friend, lẹ́ńsì lásán ni," Bọ̀dá Bánkọ́lé dá wọn lóhùn, tòun ti ohùn imú Lọ́ńdọ̀nù.

"Lens? Na so dem dey call mortar for your side?"

Wọ́n ní kí a jókòó sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n: "Oga, abeg, na snap e dey snap." Èyí àgbà nínú wọn ní ó dáa, kó ya àwọn kí àwọn rí i. Ìyọnu dé. Lẹ́ńsì gígùn kì í rí ohun tó wà nítòsí. Bọ̀dá Bánkọ́lé fẹ̀yìn rìn díẹ̀, ojú wọn kò mọ́; ó tún fẹ̀yìn rìn, ó wọ ẹrẹ̀ dé orúnkún. "E be like say dis man wan run," ṣọ́jà kan wí, ó sì nàró. Mo yára fa ẹwìrì mi yọ. Wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n tò, mo tẹ̀ ẹ́: ṣìn-kẹ́. Ẹja yíyan ni wọ́n fi sin wá dé ojú ọ̀nà. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Nígbà tó yá, ogun parí. Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá díẹ̀díẹ̀. Òmíràn bá ilé rẹ̀, òmíràn kò bá a. Ní Okrika, wọ́n tún kó ọkọ̀ ojú omi jáde fún ayẹyẹ, wọ́n fi aṣọ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn awakọ̀ ń kọrin, àjẹ̀ wọn ń lu omi gbì, gbì, gbì. Gbogbo ẹgbẹ́ wa lọ. Lẹ́ńsì gígùn mú ìdajì àjẹ̀ kan àti ìgbúnwọ́ ẹnìkan tí a kò mọ̀. Ààrẹ wa tẹ̀ ẹ́ tóbi, ó gbé e kọ́ sí ògiri. Ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìsọ̀ Sàká náà ni mo ti mọ Ìyá Ìbejì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ń ta abọ́ tánganran nínú ọjà. Jọ́ọ̀sì ni ó ti bí àwọn ìbejì rẹ̀, kí wọ́n tó kó wá sí Pọ́tá lẹ́yìn tí ìlú ṣí. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ra fìlà ọmọdé méjì, aláwọ̀ kan náà. Ó fi ọ̀kan dé Táyé, tó dì mọ́ ìró rẹ̀, lórí. Ó ká ìkejì, ó fi í sínú àpò. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá mo lè rí ọmọ kejì. Sàká fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó yé mi. Ibà ti mú Kẹ́hìndé lọ ní àsìkò òjò.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó mú Táyé wá sílé mi níbi tí ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé. Ó kúnlẹ̀ kí wa.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò kiri, ẹ dákun, mo fẹ́ fọ́tò àwọn ìbejì mi. Ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò tíì rí wọn rí. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère Kẹ́hìndé, kó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀. Bàbá wọn ní ọmọ ìjọ onítẹ̀bọmi ni wá, ère kò gbọdọ̀ wọlé. A ti bá ara wa jà sí i títí. Fọ́tò ni àwa méjèèjì wá fẹnu kò lé lórí. Ojú Ìyá sì ti ń ṣú. Àbúrò mi ń bá ọkọ̀ ẹrù relé ní Sátidé yìí, òun ni yóò mú un lọ kó tó ṣú tán."

Bọ̀dá Bánkọ́lé wo Táyé. "Ìkejì rẹ̀ dà?"

"Ó lọ sí Èkó, sà."

Àwa tó mọ̀ tẹrí ba. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀: a kì í sọ pé ìbejì kú. A ó ní ó lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n Èkó Bọ̀dá Bánkọ́lé ní òpópónà, ó sì ní nọ́ńbà ilé.

"Ṣé ìyẹn nìkan ni?" ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bó bá ti Èkó dé, ẹ kó àwọn méjèèjì wá. Màá yà wọ́n dáadáa."

Ìyá Ìbejì wo ilẹ̀.

"Àmín, sà," ó wí.

Mo fa ààrẹ wa jáde, mo sọ fún un. Ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tó gbé iyọ̀ mì. Mo ti fi Bọ̀dá Bánkọ́lé ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀, mo sì tún máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Ó padà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tí kò tó o lọ́jọ́ orí, tòun ti ṣòkòtò funfun tó lọ̀ títí tó fi mú bí ọ̀bẹ. Ó ní òun fúnra òun ni yóò ya fọ́tò náà, pẹ̀lú kámẹ́rà tó dára jù lọ ní Pọ́tá.

Ìyá Ìbejì ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Jọ́ọ̀sì. Ọmọ tó wà nílé ni wọ́n ń yà lẹ́ẹ̀mejì lórí fíìmù kan. Á jókòó ní ọ̀tún, á tún jókòó ní òsì. Nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, ọmọ méjì ni. Àwọn ayafọ́tò Yorùbá tó mọ iṣẹ́ náà ti kúrò ní Pọ́tá nígbà ogun. Ẹnìkan tó kù, fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ nìkan ló ń yà, ẹni méjì kì í sì í wọ káàdì kan.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bọ̀dá Bánkọ́lé kò wo ilé. Ó gbé lẹ́ńsì gígùn wọ yàrá kan ṣoṣo tí Ìyá Ìbejì ń gbé, tí ibùsùn, àpótí àti àwọn abọ́ tánganran ti gbà tán. Táyé jókòó lórí àpótí. Ààrẹ wa fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà, imú ọmọ nìkan ló rí. Ó fẹ̀yìn rìn la ọgbà kọjá, ó fẹ̀yìn wọ ilé ìdáná aládùúgbò.

"Oga, na my soup you wan snap?" obìnrin ibẹ̀ bi í.

Ó bọ́ sẹ́yìn, ó bọ́ sínú gọ́tà.

Nígbà tó jáde, ó yọ lẹ́ńsì gígùn, ó fi èyí kúkúrú tó bá kámẹ́rà wá sí i. Ó ya Táyé ní ọ̀tún. A gbé ọmọ lọ sí òsì. Ó tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ṣe é ti ṣe é kí òmùgọ̀ má lè ya fọ́tò lé fọ́tò. Àyàfi bí fíìmù bá kọ́kọ́ sún, kò ní í gbà. Bí fíìmù bá sì sún, ibòmíràn ni ọmọ kejì máa wà. Ọgbọ́n àgbọ́njù kámẹ́rà náà wá ti Kẹ́hìndé mọ́ ẹ̀yìn òde.

Ìyá Ìbejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di fìlà kejì mú. "Ṣé kò lè ṣeé ṣe ni, sà?"

Èmi ń ronú nípa ọ̀gá wa àti ewúrẹ́.

Kámẹ́rà mi kò gbọ́n tó láti kọ̀. Ìṣòro tó kù ni pé bí mo bá kàn yà á lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ náà á rí bí èéfín, ògiri á máa hàn lára wọn. Ìdajì lẹ́ńsì ní láti fọ́jú nígbà tí ìdajì kejì bá ń wò. Mo mú ìdérí agolo ìpara tó bá ẹnu lẹ́ńsì mu, mo gé ìdajì rẹ̀ dànù. Bí mo bá dé e, ọ̀tún á ríran. Bí mo bá yí i, òsì á ríran. Ara Sàká ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò, níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Sàká méjì ló jáde, pẹ̀lú ọ̀pá dúdú gbọọrọ láàárín wọn. Ó wò ó pẹ́.

"Ìyàwó mi kò gbọdọ̀ rí èyí o," ó wí. "Apá rẹ̀ ò tíì ká ẹyọ kan."

Ọ̀pá dúdú yẹn fi hàn pé ìdérí náà ṣì bo lẹ́ńsì jù. Kò sí irin kékeré tí a lè fi ha á. Bọ̀dá Bánkọ́lé bá ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú fáìlì tó fi ń ha èékánná rẹ̀ jáde, ojúlówó Lọ́ńdọ̀nù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Sàká, ó ń ha etí ìdérí agolo ìpara jẹ́jẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé Lọ́ńdọ̀nù wúlò.

Ní Ọjọ́bọ̀, a padà lọ. Mo gbé ẹsẹ̀ igi mẹ́ta kalẹ̀, mo fi òkúta há a, mo kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má kàn án. Bí ó bá mì bí irun, ògiri á lanu. Táyé jókòó ní ọ̀tún, ó dé fìlà, ó fajú ro bí adájọ́. Ṣìn-kẹ́. Mo yí ìdérí. N kò fọwọ́ kan fíìmù.

Ìyá Ìbejì bọ́ fìlà Táyé. Ó mú ìkejì jáde nínú àpò, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì fi dé e lórí. "Kẹ́hìndé nìyí o," ó sọ fún un jẹ́jẹ́.

Àwa kò kọ́ ọmọ náà ní nǹkan kan. Ó jókòó ní òsì, ó gẹ orí rẹ̀, ó fọwọ́ di etí ara rẹ̀ mú, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ó wí. "Kẹ́hìndé. Bó ṣe máa ń di etí mú nìyẹn."

Bọ̀dá Bánkọ́lé kọjú sí ògiri, ó ń wo àwọn abọ́ bí ẹni tó fẹ́ rajà. Mo tẹ̀ ẹ́.

Inú àwọn abọ́ tánganran tí Bàbá Ìbejì yá mi ni mo da oògùn tí a fi ń fọ fọ́tò sí, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé ilé ìwẹ̀ mi lọ́sàn-án gangan kí ó lè ṣókùnkùn. Ẹ̀yin ń tẹ fóònù, fọ́tò á sì yọ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Tiwa máa ń yọ bí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ nínú kùrukùru. Fìlà kan kọ́kọ́ yọ. Ìkejì yọ. Ojú tó fà ro yọ, ẹ̀rín yọ, ọwọ́ tó di etí mú yọ. Láàárín wọn, ìlà kan tín-ín-rín wà lára ògiri bí ẹ̀là, ṣùgbọ́n ilé Pọ́tá wo ni ògiri rẹ̀ kò là?

Ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó tó di pé àbúrò rẹ̀ wá gba ẹrù, èmi àti Bọ̀dá Bánkọ́lé gbé fọ́tò náà lọ. Ìyá Ìbejì gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Táyé na ọrùn, ó fi ìka tọ́ka.

"Dis one na me," ó wí. "Dis one na Kẹ́hìndé."

Bàbá Ìbejì, tó ti fi ọ̀rọ̀ ère bá ìyàwó rẹ̀ jà títí, ṣí fìlà, ó sì jókòó sórí ibùsùn. Ìyá Ìbejì wé fọ́tò náà sínú aṣọ funfun. Ó dúpẹ́, ó súre fún wa, ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. A ti ń kọjá ilé ìdáná aládùúgbò nígbà tí ó sáré tẹ̀lé wa.

"Ẹ dákun, sà. Ẹ bá mi tẹ òmíràn sí i."

"Kí ẹ lè ní tiyín lọ́wọ́, àbí?" mo bi í.

"Rárá, sà. Èyí tó ń lọ sílé yìí, ti Táyé ni." Ó wò mí bí ẹni pé ó yẹ kí n ti mọ̀. "Kẹ́hìndé náà á gba tirẹ̀."

Mo padà sílé, mo tún fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé. Bọ̀dá Bánkọ́lé ló da omi sínú abọ́.